Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá wẹ ọmọ: báwo ni mo ṣe máa sọ pé ọmọ kò ní í mu omi, kò ní í mu àgbo?

Aboyún_Àkúrẹ́
Ọjọ́ Ajé, aago 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá. Orúkọ mi gan-an kọ́ ni mo fi wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, oyún inú mi ti wọ oṣù keje. Nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún ní oṣù kẹrin, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi bí wọ́n ṣe ń gba ti gbogbo aboyún, wọ́n wá pè mí sí yàrá kékeré kan. Nọ́ọ̀sì yẹn kọ́kọ́ ti fèrèsé. Bí mo ṣe rí i tó ti fèrèsé ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Wọ́n ní kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fún mi ní oògùn, hóró kan lójúmọ́. Mi ò tíì fo ọjọ́ kan. Ọkọ mi mọ̀. Òun náà ṣe àyẹ̀wò, wọn ò rí nǹkan kan lára tiẹ̀. Kò lé mi, kò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi. Alẹ́ ọjọ́ kejì ló gbé ife omi wá bá mi nínú yàrá, hóró oògùn wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Títí dòní, bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù, òun ló ń gbé omi wá.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Oǹdó wá wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́ta. Màámi yìí fẹ́ràn mi gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ-ọmọ wọn kan tí wọn ò rọ lágbo láti ọjọ́ kẹta, pẹ̀lú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún mi pé ọmú nìkan ni ọmọ yìí máa mu fún oṣù mẹ́fà, kò sí omi, kò sí àgbo. Màámi ò mọ̀ nípa HIV yìí rárá. Kí ni kí n sọ fún wọn? Àti pé, ẹ dákun, ṣé òótọ́ ni pé mo lè fún ọmọ lọ́mú kó má kó o? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yáa ra oúnjẹ inú agolo. Mi ò rí oorun sùn mọ́.

Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta
Ọjọ́ Ajé, aago 10:15 alẹ́

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Jókòó, mí dáadáa. Èmi náà nìwọ. Ọmọ mi kẹta ti pé ọdún mẹ́rin báyìí, ọmú mi ló mu fún ọdún kan gbáko, èmi sì ń lo oògùn mi. Kò ní in.

Jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ àyẹ̀wò ìkẹyìn ṣe rí fún ọ, torí ọjọ́ yẹn ò lè kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ti pé oṣù méjìdínlógún. Wọ́n gún un ní ìka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí ọ̀pá kékeré funfun yẹn, wọ́n ní kí n dúró. O mọ̀ ọ́n, ìlà kan túmọ̀ sí pé kò sí, ìlà méjì ló túmọ̀ sí pé ó wà. Ìlà àkọ́kọ́ yọ. Mo tẹjú mọ́ ibi tí ìkejì yóò ti yọ títí omi fi ń dà lójú mi. Ọmọ náà ń fa gèlè mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ó ti tó, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀, kò sí ìlà kankan tó ń bọ̀ mọ́."

Ní ti ìyá ọkọ, èmi ò sọ fún tèmi. Mo ní dókítà ló sọ pé gbogbo ọmọ tuntun ayé ìsinsìnyí, ọmú nìkan ni títí oṣù mẹ́fà. Irọ́ kọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ fún gbogbo ìyá, ìbáà ní HIV, ìbáà má ní.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:05 àárọ̀

Ọmọ mi, mo ti ṣiṣẹ́ yìí pẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, mo sì fẹ́ kí o ka ọ̀rọ̀ mi dé ìparí.

Bí ìyá bá ní kòkòrò yìí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan sí i, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 15 sí 45 ló máa kó o: àwọn kan nínú oyún, àwọn púpọ̀ lásìkò ìrọbí, àwọn yòókù nínú ọmú. Bí ìyá bá ń lo oògùn bó ṣe yẹ, tí ọmọ náà sì gba tiẹ̀, kò ní í tó márùn-ún, àní láàárín àwọn tó ń fún ọmọ lọ́mú. Tí oògùn bá ti dé kòkòrò náà mọ́lẹ̀ kí oyún tó dàgbà, tí kò sì gbérí mọ́, ó tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an. Oògùn náà kò lé e jáde tán nínú ara, ó ń dè é ni, kò ní í lè bí sí i. Kòkòrò tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ tó iye tí ẹ̀rọ lè kà, ewu pé yóò bá ọmú lọ bá ọmọ kéré gan-an, bí kò tilẹ̀ tán pátápátá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ mi ní kílíníìkì pé oògùn tí ìyá ń gbé mì ni oògùn àkọ́kọ́ tí ọmọ ń mu. Hóró aago mẹ́sàn-án alẹ́ yẹn, ọmọ rẹ lò ń gbé e mì fún. Kí Ọlọ́run bù kún ọkọ rẹ.

Ohun kan tó yẹ kí o béèrè lọ́wọ́ wọn ní kílíníìkì: àyẹ̀wò tó ń ka iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n ṣe é fún ọ kí oyún tó pé, bíi ọ̀sẹ̀ 34 sí 36. Èsì yẹn ló máa sọ irú oògùn tí ọmọ yóò gbà àti bóyá ìbí fúnra ẹni tàbí iṣẹ́ abẹ ló dára. Má dúró kí wọ́n rántí, ìwọ ni kí o rán wọn létí. Ibi tí èrò bá ti pọ̀, wọ́n lè gbàgbé.

Ní ti agolo, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n wo iye tí agolo kan ń tà báyìí, wo omi tó mọ́ tí o máa sè lójoojúmọ́, wo gáàsì. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìyá tó bẹ̀rẹ̀ agolo, tí owó tán ní oṣù kejì, tí ọmọ ń ké lóru, tí ìyá fi ọmú sí i lẹ́nu. Láti ọjọ́ yẹn, agolo ọ̀sán, ọmú òru. Àdàlù yẹn gan-an ni à ń sá fún. Àwọn dókítà kan ní Durban ní South Africa gbé ìwádìí kan jáde ní 1999, nígbà tí àwọn ìyá kò tíì ní oògùn tí wọ́n máa lò títí ayé. Nígbà tí àwọn ọmọ pé oṣù mẹ́ta, nínú àwọn tó mu ọmú nìkan, 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti kó o. Nínú àwọn tí wọ́n da omi, ẹ̀kọ tàbí mílíìkì mọ́ ọmú fún, ó jẹ́ 24.1. Ọmú kan náà ni o, ohun tí wọ́n dà mọ́ ọn ló yàtọ̀. Ìfun ọmọ tuntun rọ̀ bí ewé ọ̀dúndún. Omi tí kò mọ́ tàbí àgbo tó le lè ha á lára, ojú ibi tó ha sì di ilẹ̀kùn.

Lónìí tí ìyá ń lo oògùn, ewu náà ti dínkù gan-an. Nítorí náà, gbọ́ èyí dáadáa: bí ẹnìkan bá ṣèèṣì bu omi sí ọmọ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, má torí ẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú. Máa bá oògùn rẹ lọ, máa fún un lọ́mú, sọ fún wọn ní kílíníìkì. Mo mọ ìyá tó já ọmọ lẹ́nu ọmú torí ìbẹ̀rù ife omi kan, ìgbẹ́ gbuuru ló gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọmọ_Agbẹ̀bí_Oǹdó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 11:30 àárọ̀

Ìlú Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ni màmá mi. Mo dàgbà sínú òórùn àgbo ni, mo lè sọ ohun tó wà lọ́kàn màámi yẹn fún ọ.

Wọn ò fẹ́ fi àgbo pa ọmọ o. Àgbo yẹn ni ọwọ́ tí wọ́n fi ń di ọmọ-ọmọ mú. Bí o bá gba ìkòkò àgbo lọ́wọ́ wọn tí o ò fi nǹkan mìíràn dípò, ó máa dà bíi pé o ní ọwọ́ wọn kò wúlò mọ́. Nítorí náà, fún wọn níṣẹ́. Ìwẹ̀ ọmọ jẹ́ tiwọn: kànìnkànìn, òrí, kí wọ́n na ọmọ, kí wọ́n tẹ orí rẹ̀ kó ṣe róbótó, wọn ò fọwọ́ kan ẹnu ọmọ nínú gbogbo ìyẹn. Ìwọ fúnra rẹ, kí wọ́n fi omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ, kí wọ́n ro ọkà, kí wọ́n se ọbẹ̀ tó ta dáadáa. Bí wọ́n bá ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, sọ fún wọn pé omi ló pọ̀ jù nínú ọmú, èyí tó kọ́kọ́ ń jáde tó ṣàn gbẹrẹ yẹn ni omi ọmọ. Màmá mi fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìyá báyìí.

Kò sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba Mímikò, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, gbé ètò Agbẹ̀bíyè wá ní 2014, tí wọ́n ní kí àwọn agbẹ̀bí máa mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn, màmá mi kọ̀ fún bí oṣù kan. Ó ní wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ ìran òun. Nígbà tó lọ, tó rí i pé wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo aboyún wò, ó padà wálé, ó jókòó sórí àga, ó ní, "Èmi fi abẹ kan náà gé ìwọ́ ọmọ fún ọdún mélòó?" Kò sí ẹni tó dá a lóhùn nínú wa.

Adúróṣinṣin
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:12 ọ̀sán

Arábìnrin, má jẹ́ kí wọ́n fi oògùn òyìnbó dè ọ́ mọ́lẹ̀ títí ayé. Àrùn kògbóògùn ni wọ́n ń pè é, ìwọ náà ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá kan wà tó ń wò ó pẹ̀lú egbò àti àdúrà, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáwọ́ hóró yẹn dúró, wọn kì í bára wọn lọ. Èmi fi nọ́ńbà bàbá náà sí ìsàlẹ̀ yìí. [Alábòójútó ti yọ nọ́ńbà náà kúrò]

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀nà_Ọ̀dà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2:03 ọ̀sán

Adúróṣinṣin, mi ò mọ̀ ọ́, mi ò sì bú ọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè ka ohun tí o kọ yẹn kí n kọjá lọ.

Èmi ni wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún nínú oyún mi àkọ́kọ́. Mo ti ń gba oògùn nígbà náà. Ẹnìkan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní kí n gbé e jù sílẹ̀, pé ọjọ́ mọ́kànlélógún ni. Mo gbé e jù sílẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí kan ni mo bímọ sí, mi ò sì sọ fún wọn, torí mo gbà pé ó ti lọ. Ọkùnrin ni, ó dúdú, ó ní irun lórí bí ọmọ oṣù mẹ́ta. Láti oṣù kejì ló ti ń ṣàìsàn: èfù funfun lẹ́nu, ikọ́, ìgbẹ́. Mò ń gbé e kiri. Ibi tí wọ́n ti wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Màmá, ẹ ò mọ̀ ni?" Mo mọ̀. Oṣù méje ló lò lọ́wọ́ mi.

Àwọn ọmọ méjì tí mo bí lẹ́yìn rẹ̀, hóró kan lójúmọ́ ni. Àwọn méjèèjì wà ní ilé ẹ̀kọ́ báyìí, kò sí kòkòrò lára wọn. Arábìnrin mi, ẹni tó bá ní kí o dáwọ́ oògùn dúró nínú oyún, gbàdúrà fún un, kí o sì sá fún un.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 3:20 ọ̀sán

Àbẹ̀kẹ́, Ọlọ́run yóò tù ọ́ nínú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ yẹn la bẹ̀rù jù: ọmọ tó bá kó o tí kò rí ìtọ́jú, ìdajì irú wọn ni kì í rí ọjọ́ ìbí kejì. Ara wọn ò ní agbára tí ara àgbàlagbà fi ń bá a jà fún ọdún púpọ̀. Nítorí ẹ̀ la kì í sọ pé "ká máa wò ó ná" fún ọmọ.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa orúkọ yẹn pẹ̀lú, kògbóògùn. Ó máa ń bà mí nínú jẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti 1994 ni wọ́n ti rí i ní Amẹ́ríkà àti ní Faransé pé ó gbọ́ oògùn fún ọmọ inú: àwọn aboyún tó lo oògùn HIV kan tó ń jẹ́ zidovudine, 8.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ wọn ló kó o, nígbà tí ó jẹ́ 25.5 lọ́dọ̀ àwọn tí kò lò ó. Oògùn kan ṣoṣo nìyẹn o. Ní 2002 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní Nàìjíríà. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé orílẹ̀-èdè Kúbà ni àkọ́kọ́ tó dá ìkóràn yìí dúró láti ara ìyá sí ara ọmọ. Hóró kan tí ò ń gbé mì lónìí, oògùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Àrùn tó ń gbọ́ oògùn ni. Ẹ jẹ́ ká yé pè é ní kògbóògùn níwájú àwọn aboyún.

Alábòójútó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 3:45 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, kò sí nọ́ńbà fóònù, kò sí orúkọ kílíníìkì, kò sí orúkọ ènìyàn níhìn-ín. A ti rí ẹni tó fi ohun tí ẹlòmíràn kọ síbi bí èyí bà á jẹ́ ládùúgbò. Òfin wà láti 2014 ní Nàìjíríà tó lòdì sí fífi HIV ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, níbi iṣẹ́, nílé ẹ̀kọ́ tàbí nílé ìwòsàn. Arábìnrin tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ ju ẹni tí ìwọ bá fẹ́ sọ fún lọ.

Apoògùn_Àlàgbàkà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:50 alẹ́

Ohun kékeré kan tí àwọn ènìyàn kì í sọ fún aboyún. Tí oògùn HIV kan tó ń jẹ́ dolutegravir bá wà nínú hóró rẹ, bó ṣe wà nínú èyí tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ ènìyàn báyìí, kì í fẹ́ràn irin. Fẹ́sólétì pupa tí wọ́n ń fún yín fún ẹ̀jẹ̀, àti kálísíọ́ọ̀mù, bí o bá gbé wọn mì papọ̀ lórí òfìfo, wọ́n á so mọ́ra nínú ikùn, oògùn náà kò ní í wọ ara tó. Gbé hóró HIV mì ní wákàtí méjì ṣáájú fẹ́sólétì tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá ní láti gbé méjèèjì pọ̀, kó jẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ. Ìwọ tó ń lo tìẹ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, fi fẹ́sólétì sí àárọ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Mo rí obìnrin kan tó ń lo oògùn déédéé, tí kòkòrò rẹ̀ kò wálẹ̀, tí gbogbo wa ń fojú ọ̀lẹ wò ó. Ife omi kan náà ló fi ń gbé oògùn rẹ̀ àti fẹ́sólétì mì ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kó tó jẹun. Àgbo náà, ìwọ fúnra rẹ má mu ún, torí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tí yóò bá oògùn rẹ jà.

Ọkọ_Ìyàwó_Rẹ̀
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:31 alẹ́

Èmi ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ, ìyá ọkọ ni. Ta ló bí ọkọ? Ìyá rẹ̀ ni! Ọ̀rọ̀ tó bá yẹ kí wọ́n sọ fún ìyá mi, èmi ni kí n sọ ọ́, kì í ṣe ìyàwó mi tó gbé oyún oṣù keje.

Nígbà tó kàn wá, mo wọ mọ́tò lọ sí ilé. Mo kúnlẹ̀ fún màmá mi, èmi tí mi ò kúnlẹ̀ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n bí ọmọ mi yìí bí dókítà ṣe sọ." Mi ò sọ ìdí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìdí lè sọ ọ́, ìyẹn wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, torí ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin ọkùnrin tí àyẹ̀wò yín mọ́, ẹ má rò pé ó ti tán. Ẹ padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bí wọ́n bá ṣe sọ, ẹ lo kọ́ńdọ̀mù títí oògùn yóò fi dé kòkòrò ìyàwó yín mọ́lẹ̀, ẹ sì béèrè oògùn tí ẹni tí kò ní lè máa lò kó má baà kó o.

Aboyún_Àkúrẹ́
Ọjọ́rú, aago 5:55 àárọ̀

Mo ka gbogbo rẹ̀ lóru àná. Mo sunkún lórí ti Àbẹ̀kẹ́, mo sì sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣé.

Mo fi ọ̀rọ̀ Ọkọ_Ìyàwó_Rẹ̀ han ọkọ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Màámi Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo ni ọmọ fúnra rẹ̀ máa lò? Ṣé wọ́n á là mí lábẹ ni? Àti pé ìgbà wo ni màá mọ̀ bóyá ó ní in tàbí kò ní?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Ọjọ́rú, aago 1:40 ọ̀sán

Bí iye kòkòrò bá ti wálẹ̀, kò sí ìdí láti torí HIV là ọ́. Wàá bí i fúnra rẹ bí gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kí o bí i sí, níbi tí wọ́n ti mọ ohun tó wà nínú fáìlì rẹ. Bí ìrọbí bá mú ọ lóru, má lọ sí ibi tó sún mọ́ ilé torí pé ó sún mọ́ ilé. Ẹ ti bá onímọ́tò kan sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí.

Ọmọ máa gba nevirapine, oògùn HIV olómi, lọ́jọ́ tí o bí i, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọmọ tó bá wọn kílò 2.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ml 1.5 ni. Èyí tó wà láàárín kílò 2 sí 2.5, ml 1. Èyí tí wọ́n bá kọ fún tìẹ ni kí o tẹ̀lé. Ẹ mi ìgò náà dáadáa, ẹ fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fà á, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, kì í ṣe ọ̀nà ọ̀fun. Bó bá bì í láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tún un fún un. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, tàbí tí kòkòrò ìyá wọn kò wálẹ̀, oògùn méjì ni tiwọn, ọ̀sẹ̀ méjìlá sì ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o béèrè àyẹ̀wò yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n á gún un ní gìgísẹ̀, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí káàdì kan, wọ́n á sá a kó gbẹ, wọ́n á fi ránṣẹ́. Kòkòrò náà gan-an ni àyẹ̀wò yẹn ń wá. Ọ̀pá onílà kò ṣe é lò fún ọmọ ọwọ́, torí ohun tí ara ìyá fi ń bá àrùn jà ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọmọ. Ọ̀pá lè fi ìlà méjì hàn fún ọmọ tí kò ní nǹkan kan, kí ẹ wá máa sunkún lásán. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà kan náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ Septrin, oògùn tó ń dènà àwọn àìsàn mìíràn, lójoojúmọ́. Wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn náà ní oṣù kejìdínlógún, tàbí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó bá já lẹ́nu ọmú, èyí tó bá kẹ́yìn nínú méjèèjì.

Bí orí ọmú bá là tàbí tó wú, tó gbóná, má fi ẹ̀gbẹ́ yẹn fún un. Fún un ní ìkejì, fún wàrà inú èyí tó ń dùn ọ́ dànù, kí o wá rí wa. Bí èfù bá yọ sí ọmọ lẹ́nu, mú un wá lọ́jọ́ kan náà.

Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta
Ọjọ́rú, aago 2:10 ọ̀sán

Kí o sì bọ́ bébà ara ìgò nevirapine náà kúrò bí o kò bá fẹ́ kí àlejò kà á. Èmi kọ "oògùn ọmọ" sí tèmi.

Aboyún_Àkúrẹ́
(lẹ́yìn oṣù mẹ́fà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ ṣì rántí mi.

Àyẹ̀wò tí màámi Nọ́ọ̀sì sọ, mo béèrè rẹ̀. Wọ́n ti gbàgbé ní tòótọ́. Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní iye tó kù kéré débi pé ẹ̀rọ kò rí i kà. Mo bí i fúnra mi ní àárọ̀ Sátidé, obìnrin, kílò 3.1. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ fún un ní nevirapine, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Kí n tó bímọ, ọkọ mi lọ sí Oǹdó. A ti jọ sọ ọ́, mo ní kó sọ gbogbo rẹ̀, torí mi ò lè fi oṣù mẹ́ta sápamọ́ fún màámi nínú yàrá méjì. Ó ní nígbà tí òun sọ ọ́ tán, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà lọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n béèrè pé, "Ìyàwó ń jẹun?" Ó ní mò ń jẹun. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n ní kí n má ṣe?"

Wọ́n dé pẹ̀lú òrí, kànìnkànìn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Kò sí ewé kankan nínú ẹrù wọn. Màámi ò kàwé, wọn ò mọ ml. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n ní kí ọkọ mi fi ibi tí oògùn gbọ́dọ̀ dé han àwọn lára síríńjì. Wọ́n bọ́ okùn pupa kan lára aṣọ àtijọ́, wọ́n so ó mọ́ ibẹ̀ pinpin. Láàárọ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, wọ́n á gbé síríńjì sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n á fojú kan wò ó títí omi oògùn yóò fi bá okùn yẹn dọ́gba. Bó bá kọjá bíńtín, wọ́n á dá a padà. Ìyá kan ládùúgbò gbé àgbo wá nínú ìgò fún ìkómọjáde. Màámi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbà á, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn ilé, ìgò òfìfo ni wọ́n dá padà.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Èsì pẹ́ díẹ̀. Ọjọ́ tó dé, nọ́ọ̀sì kan náà tó ti fèrèsé lọ́jọ́ yẹn ló pè mí, kò ti fèrèsé. Kò sí kòkòrò lára ọmọ mi.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀nà_Ọ̀dà
Mo ń ka èyí ní ìsọ̀ mi lọ́jà, ẹkún ń bọ̀. Ẹ bá mi fẹnu ko ọmọ yẹn lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Oṣù kẹsàn-án ọmọ ni àyẹ̀wò tó kàn, kọ ọjọ́ rẹ̀ sára ògiri. Oògùn tìẹ ńkọ́, ṣé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ṣì ni? Septrin ńkọ́, ó ń mu ún?

Aboyún_Àkúrẹ́
Aago mẹ́sàn-án ni, màámi. Ife omi ṣì ń wá. Ó ń mu Septrin pẹ̀lú, ml 2.5. Oṣù mẹ́ta ìyá ọkọ mi ti pé, wọn ò tíì lọ. Wọ́n ti so okùn mìíràn mọ́ síríńjì ti Septrin, funfun nìyẹn.